Ojú tó ríran ni dókítà ní ká máa dí! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe é rí, ẹ bá mi sọ̀rọ̀

Ìyá Fàrídù, Àjàṣẹ́

Ẹ kú ilé o gbogbo èèyàn mi. Apá Wàndó níbí ni mò ń gbé. Ọmọ mi ọkùnrin pé ọdún márùn-ún nínú oṣù kejì, máátánẹ́lì, iléèwé jẹ́lé-ó-sinmi, ló ṣì wà. Ojú ẹ̀ ò yí, kò pọ́n, kò sẹpin, kò sí nǹkan kan téèyàn fi lè mọ̀. Ọjọ́ kan tí wọ́n ń ṣe bojúbojú nínú àgbàlá ni ẹ̀gbọ́n ẹ̀ obìnrin fọwọ́ bo ojú òsì ẹ̀ nìkan, ọmọ bá figbe ta pé òun ò rí ojú ẹ̀gbọ́n òun mọ́, pé ńṣe ló dà bí èéfín. A rò pé eré ni. Mo bo ọ̀tún, ó ní òun ń rí mi. Mo bo òsì, ó ń fọwọ́ wá mi. Àyà mi já.

A gbé e lọ sí Kutọnu. Dókítà ojú wọ̀n ọ́n, òsì 9/10, ọ̀tún 1/10 (10/10 ni ti ojú tó ríran dáadáa). Ó ní ojú ọ̀lẹ ni, amblyopie ni wọ́n kọ sínú ìwé. Wọ́n fún un ní awò, ó lò ó oṣù mẹ́rin gbáko, a padà lọ, ọ̀tún ti gòkè sí 2/10. Wọ́n wá ní awò nìkan ò ní tó mọ́, ká máa fi cache-œil, èyí tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ awọ ara yẹn, dí ojú ÒSÌ ní wákàtí mẹ́fà lójúmọ́. Òsì tó ríran o! Ọjọ́ kẹsàn-án rèé, kò tíì gbé e wákàtí kan rí tí kò já a dànù. Ó ń sunkún, ó ń fẹsẹ̀ kọ àga, èmi náà ń sunkún ní kíṣíìnì. Ìyá ọkọ mi ní irú ìwòsàn wo nìyẹn, kí wọ́n gba èyí tó ríran lójú ọmọ, kí wọ́n ní kó máa fi èyí tí ò ríran rìn. Bí mo bá ti jáde lọ sọ́jà, wọn á yọ ọ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ta ló ti ṣe é rí?

Ìyá Ìbejì Kétu

Pẹ̀lẹ́ o ìyá Fàrídù, mo mọ ẹkún yẹn. Kẹ́hìndé mi ni tèmi, ó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rin nígbà yẹn. Àmọ́ wákàtí mẹ́fà kẹ̀? Ó ti pọ̀ jù! Wákàtí méjì ni wọ́n ní kí tèmi máa lò, ó sì ṣiṣẹ́. Ẹ padà lọ bi wọ́n léèrè dáadáa, bóyá wọ́n ṣì kọ ọ́ ni.

Ọmọ Ìyá Àjàṣẹ́

Ẹ má fi ọmọ ṣeré o. Ìyá wa àgbà máa ń fún omi ọmú sójú ọmọ láàárọ̀ láàárọ̀, ewé kan tún wà tí wọ́n máa ń fún omi ẹ̀ sí i. Ojú á là bíi ti ológbò. Oògùn òyìnbó ò mọ gbogbo nǹkan.

Nọ́ọ̀sì Pọ́bẹ̀

Ọmọ Ìyá Àjàṣẹ́, mo bọ̀wọ̀ fún ìyá àgbà, ṣùgbọ́n mo ti rí ojú tí omi ewé sọ dà o, mo ti rí egbò lórí ẹyinjú tí ò jinná dáadáa mọ́ láéláé. Ẹ má fún nǹkan kan sójú ọmọ tí dókítà ò kọ fún yín. Kò sì ní ṣiṣẹ́ rárá, torí pé nǹkan tó ń ṣe Fàrídù ò sí lójú ẹ̀.

Ìyá Fàrídù, iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mò ń ṣe ní ẹ̀ka ojú, mi kì í ṣe dókítà, ti dókítà yín ló borí. Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ dá màmá lóhùn, torí pé ìbéèrè gidi ni wọ́n bi. Ojú ọ̀tún yẹn ò fọ́, inú ọpọlọ lẹjọ́ wà. Ẹ wò ó báyìí: ìyá ọlọ́jà kan ní ọmọ ọ̀dọ̀ méjì, ọ̀kan yá, ọ̀kan ń fà. Gbogbo ìgbà tó bá fẹ́ ránṣẹ́, èyí tó yá ló máa pè. Ọdún kan, ọdún méjì, èyí tó ń fà yẹn ò ní mọ ọ̀nà ọjà, kò ní mọ owó kà, kì í ṣe pé kò lẹ́sẹ̀ o, wọn ò rán an níṣẹ́ ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọpọlọ ọmọdé. Tí ojú kan bá ń gbé àwòrán tó mọ́ wá, tí èkejì ń gbé wúruwùru wá, ó máa pa ti èkejì tì, títí á fi dà bí ẹni pé kò sí níbẹ̀. Ìgbà tí ọpọlọ ṣì ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń ríran ló máa ń ṣẹlẹ̀, ìgbà yẹn náà ló sì rọrùn láti tún un ṣe. Awò á mú kí àwòrán mọ́. Cache-œil ní tiẹ̀, ẹ ti rán ọmọ ọ̀dọ̀ tó yá lọ sí Àjárá fún wákàtí mẹ́fà nìyẹn, ìyá ọlọ́jà á rán èyí tó kù nílé bó fẹ́ bó kọ̀.

Ti wákàtí wàyí. Ìyá Ìbejì, ẹ ò parọ́, dókítà tiwọn náà ò ṣì kọ. Èló ni Kẹ́hìndé rí lójú yẹn kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀?

Ìyá Ìbejì Kétu

4/10. Mo ṣì ní ìwé ẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Pọ́bẹ̀

Ó tán. Ní 2003 àwọn dókítà ojú ọmọdé ní Amẹ́ríkà tẹ ìwádìí méjì jáde, àwọn ọmọ tí ò tíì pé ọdún méje ni wọ́n fi ṣe é. Àwọn tí tiwọn ò le jù, bíi 2,5/10 sí 5/10 tá a bá fi ìwọ̀n tiwa kà á, wákàtí méjì àti wákàtí mẹ́fà ò yàtọ̀ síra wọn lẹ́yìn oṣù mẹ́rin. Àwọn tí tiwọn wúwo, láti 2/10 lọ sísàlẹ̀, wákàtí mẹ́fà ṣe dáadáa tó dídí i látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Fàrídù wà ní 2/10. Ìdí tí wọ́n fi kọ wákàtí mẹ́fà fún un nìyẹn.

Àti pé wákàtí tó wà lójú ọmọ gan-an ló ń ṣiṣẹ́, èyí tí wọ́n kọ sínú ìwé ò lè ríran fún un. Tí ìyá ọkọ yín bá yọ ọ́ lágogo mẹ́wàá, kò tíì wọ̀ ọ́ nìyẹn.

Télọ̀ Ṣábẹ̀ẹ́

Mò ń ka ọ̀rọ̀ yìí, orí mi ń wú. Èmi ni Fàrídù tí ẹnì kan ò fọwọ́ bo ojú ẹ̀. Ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mí, télọ̀ ni mí ní Ṣábẹ̀ẹ́ níbí, nísàlẹ̀ òkè. Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ni yanrìn kó sí mi lójú ọ̀tún lórí zẹ́mìjàn, alùpùpù akérò, mo fọwọ́ dí i, ni mo bá rí i pé mi ò lè ka nọ́ńbà mọ́tò tó wà níwájú mi pẹ̀lú èyí tó kù. Ó ti wà bẹ́ẹ̀ látọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, mi ò mọ̀! Mo kàn mọ̀ pé gbogbo ìgbà tí mo bá fẹ́ ki òwú bọ abẹ́rẹ́ mo máa ń gbá ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, ọ̀gá mi máa ń pè mí ní ọlọ́wọ́ wíwúwo. Tí wọ́n bá da omi sínú ife fún mi, mo máa ń da díẹ̀ sílẹ̀ kọ́wọ́ mi tó bà á. Bọ́ọ̀lù, ẹ má bi mí. Dókítà ní ojú méjèèjì ni wọ́n fi ń mọ ibi tí nǹkan jìnnà dé, ọ̀kan ṣoṣo ni mo ń lò.

Mo bi í bóyá cache-œil lè ṣe tèmi. Ó ní ọjọ́ ti lọ, pé àwọn àgbàlagbà míì máa ń rí ìyàtọ̀ díẹ̀ àmọ́ kí n má fi gbogbo ọkàn lé e. Ohun tó tẹnu mọ́ ni pé kí n máa wọ awò kí n lè dáàbò bo ojú ọ̀tún, torí tí nǹkan bá ṣe òun, mo ti wọgbó. Ìyá Fàrídù, ẹ jẹ́ kó sunkún. Ẹkún ọdún kan ni.

Ìyá Fàrídù, Àjàṣẹ́

Hẹẹ, bọ̀dá télọ̀, ọ̀rọ̀ yín wọ̀ mí lára. Mo ti ka á sétí ọkọ mi.

Ẹ̀gbọ́n nọ́ọ̀sì, ẹ ṣé gan-an. Ṣùgbọ́n báwo ni mo ṣe fẹ́ mú un dúró? Ó lágbára ju bẹ́ ẹ ṣe rò lọ.

Ìyá Ìbejì Kétu

Ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti wákàtí mẹ́fà. Ibẹ̀ lẹ ti ṣì í. Èmi, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ni mo fi bẹ̀rẹ̀, mo wá ń fi díẹ̀díẹ̀ kún un lójoojúmọ́. Ẹ sì má lẹ̀ ẹ́ kó wá jókòó kó máa wo ògiri o, ojú tí wọ́n ń kọ́ níṣẹ́ gbọ́dọ̀ ríṣẹ́ ṣe. Ẹ ó rẹ́rìn-ín: ẹ̀wà ni mo fi wo Kẹ́hìndé sàn. Mo máa ń da ẹ̀wà sínú atẹ, mo ní kó bá mi ṣa òkúta àti èyí tí kòkòrò ti jẹ. Ọjọ́ àkọ́kọ́ ó ṣa ẹ̀wà tó dáa dànù, ó fi òkúta sílẹ̀, a jẹ òkúta lọ́jọ́ yẹn ọkọ mi fẹ́rẹ̀ẹ́ ká eyín. Nígbà tó fi máa di oṣù kejì kò sí òkúta tó ń bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀ mọ́. Ìlẹ̀kẹ̀ náà dáa, kó máa sín in sójú okùn. Kó fi àwọ̀ kun àwòrán. Kó ta ayò. Ti pọ́tábù náà, fóònù yẹn, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dẹ́rù bà yín, tí cache-œil bá wà lójú ẹ̀ ẹ fún un kó wo eré ọmọdé ẹ̀, tẹ́ ẹ bá yọ ọ́ ẹ gba pọ́tábù. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan ọmọ fúnra ẹ̀ á máa wá cache-œil kiri.

Mẹ́tìrì Kétu

Ẹ jẹ́ n fi tèmi kún un, mò ń kọ́ àwọn ọmọ CP, kíláàsì àkọ́kọ́ ní iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ọdún tó kọjá ọmọ kan wọ kíláàsì mi pẹ̀lú ìbòjú lójú, kí n tó yíjú, wọ́n ti ń pè é ní olójú-kan. Mi ò nà wọ́n. Mo gé pépà dúdú fún gbogbo kíláàsì, mo ní kí kálukú dí ojú kan kó kọ orúkọ ẹ̀ sí pátákó. Ariwo sọ, inú wọ́n dùn, lẹ́yìn náà mo pe ọmọ yẹn, òun ló wá ṣàlàyé fún wọn ìdí tí tiẹ̀ fi ń pẹ́. Ẹnì kankan ò tún pè é bẹ́ẹ̀ mọ́. Èmi náà gbé e síwájú gan-an, torí tó bá fi ojú tí ò tíì lágbára wo pátákó, kò lè jókòó lẹ́yìn. Ẹ lọ bá mẹ́tìrì tàbí màdáàmù ẹ̀ sọ̀rọ̀ kẹ́ ẹ tó rán an lọ bẹ́ẹ̀.

Fún àwọn tó ń pè é ní nǹkan tuntun tí òyìnbó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé dé: ọmọ Faransé kan tó ń jẹ́ Buffon, ọ̀mọ̀wé tó kọ̀wé rẹpẹtẹ lórí ẹranko, ti kọ ọ́ ní 1743 pé kí wọ́n máa dí ojú tó dáa fún ẹni tí ojú ẹ̀ ń yà. Nǹkan bí igba ọdún lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n tó mọ ìdí tó fi ń ṣiṣẹ́. Hubel àti Wiesel, àwọn onímọ̀ méjì tó ń ṣèwádìí nípa ọpọlọ, wọ́n rán ìpéǹpéjú ọmọ ológbò kan pọ̀ nígbà tó ṣì kéré, nígbà tí wọ́n tú u, ojú yẹn wà digbí àmọ́ ọpọlọ ò kà á sí mọ́. Tí wọ́n bá ṣe é fún ológbò tó ti dàgbà, kò sí nǹkan tó ń ṣe é. Wọ́n gba ẹ̀bùn Nobel ní 1981. Àánú ọmọ ológbò yẹn ṣe mí ṣá.

Ọmọ Ìyá Àjàṣẹ́

Ó dáa, mo ti gbọ́, ẹ fi ewé mi sílẹ̀. Ìbéèrè ni mo ní o: wọ́n ní ẹ̀kán omi kan wà tí wọ́n máa ń kán sójú tó dáa dípò cache-œil, ṣé òótọ́ ni? Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ti pé ọdún mẹ́sàn-án, kò gbà kí wọ́n lẹ nǹkan mọ́ òun lójú.

Nọ́ọ̀sì Pọ́bẹ̀

Òótọ́ ni. Atropine lorúkọ ẹ̀. Ó máa ń jẹ́ kí ojú tó dáa rí nǹkan ìtòsí bàìbàì, ọpọlọ á wá yíjú sí èkejì. Wọ́n fi wé ìbòjú ní Amẹ́ríkà ní 2002, àwọn ọmọ tí tiwọn ò le jù, méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe déédéé. Àmọ́ oòrùn tiwa níbí! Ọmọlójú ọmọ á fẹ̀, ìmọ́lẹ̀ á máa ta á, ẹ ó nílò fìlà tó ní etí. Májèlé sì ni tí ọmọ kékeré bá gbé e mu, òkè àpótí ni kó wà. Dókítà nìkan ló lè kọ ọ́.

Ọdún mẹ́sàn-án ò tíì pẹ́ jù. Wọ́n ti dán an wò lára àwọn tó wà láàárín ọdún méje sí méjìlá, àwọn tó lo awò pẹ̀lú ìbòjú àti ẹ̀kán omi yẹn, ó lé díẹ̀ ní ìdajì wọn tó ríran sí i, àwọn tó lo awò nìkan ò ju ìdá mẹ́rin kan lọ. Kó tètè lọ ṣá. Tí ẹ̀yin míì tó ń ka èyí bá rí ọmọ jòjòló tí ojú ẹ̀ ń yà sápá imú tàbí tí nǹkan funfun ń tàn nínú ọmọlójú ẹ̀ nínú fọ́tò, ẹ má dúró kí n fèsì o, ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni kẹ́ ẹ gbé e lọ. Ó lè jẹ́ nǹkan tó burú ju ojú ọ̀lẹ lọ.

Ìyá Fàrídù, Àjàṣẹ́ (ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà)

Mo ti dé o. Ẹ̀wà ti tán nílé.

Ẹ jẹ́ n sọ ti ìyá ọkọ mi, torí ibẹ̀ gan-an ni gbogbo nǹkan ti yí padà. Mi ò bá wọn jà. Mo ní, “Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dí ojú òsì ọmọ yín pẹ̀lú àtẹ́lẹwọ́ yín fúnra yín, kẹ́ ẹ ní kó ka ìka yín.” Wọ́n na ìka mẹ́ta láti ibi àga wọn, ọmọ dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó wò, ó wò, ó ní “màmá àgbà, ṣé ẹ̀yin lẹ jókòó síbẹ̀ yẹn?” Wọn ò sọ̀rọ̀ mọ́. Wọ́n yọ ọwọ́, wọ́n fa ọmọ mọ́ra, omi dà lójú wọn. Látàárọ̀ ọjọ́ kejì ni wọ́n ti gba àkóso. Wọ́n ò mọ aago kà dáadáa, ìpè àdúrà ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n: tí a bá lẹ̀ ẹ́ láàárọ̀, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ yọ ọ́ títí wọ́n á fi pe àyìlà, èyí tó kù á di ọwọ́ ìrọ̀lẹ́. Ẹni tó ń yọ ọ́ tẹ́lẹ̀! Tí ọmọ bá fọwọ́ kàn án báyìí, ohùn wọn á ti dún láti yàrá.

A ti ń ṣe bíi wákàtí márùn-ún báyìí. Nǹkan méjì ló ń dà mí láàmú. Ooru yìí, òógùn máa ń tú gọ́ọ̀mù ẹ̀, ó máa ń ká sókè ó sì máa ń yọjú wò láti ẹ̀gbẹ́ imú, ọlọ́gbọ́n ẹ̀wẹ́. Ẹ̀ẹ̀kejì, awọ ojú ẹ̀ ti ń pọ́n yí ká ibẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Pọ́bẹ̀

Ẹ bá mi kí màmá o!!! Èmi náà máa lò ó fún àwọn ìyá ọkọ tó ń bọ̀ lọ́dọ̀ mi.

Ti awọ ara: ẹ má já a gbẹ. Ẹ fi omi lílọ́ wọ́ọ́wọ́ọ́ rin ín kẹ́ ẹ tó fà á, látẹ̀gbẹ́ etí sápá imú, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Lálẹ́ ẹ fi òrí díẹ̀ pa ibẹ̀, kó má wọ inú ojú, àmọ́ ẹ fọ̀ ọ́ kúrò láàárọ̀ kó sì gbẹ, torí gọ́ọ̀mù ò ní mú ara tó bá ní òróró. Ẹ máa yí bẹ́ ẹ ṣe ń gbé e sí díẹ̀, lónìí kó dà sókè, lọ́la kó dà sísàlẹ̀. Tó bá bó, ẹ sinmi ọjọ́ kan kẹ́ ẹ pe dókítà.

Kò gbọ́dọ̀ dá sọdá títì nígbà tó bá wà lójú ẹ̀ o. Àwọn zẹ́mìjàn yẹn, kò ní mọ bí wọ́n ṣe jìnnà tó. Kó má gun kẹ̀kẹ́ náà.

Ìyá Ìbejì Kétu

Ẹ ò tíì sọ ti pé ẹ má pa ọjọ́ tí dókítà dá jẹ. Ẹ̀gbọ́n mi kan ń dí ojú ọmọ lọ láìpadà síbẹ̀, ojú tó dáa náà bẹ̀rẹ̀ sí í rẹlẹ̀. Ó padà bọ̀ sípò nígbà tí wọ́n jáwọ́, àmọ́ ẹ̀rù bà wá.

Ìyá Fàrídù, Àjàṣẹ́ (lẹ́yìn tí a padà lọ)

A ti Kutọnu dé lánàá. Ọ̀tún: 4/10!! Òsì ṣì wà ní 9/10. Nígbà tí ọmọ ka ìlà yẹn tán, dókítà ní kó tún un kà, ó tún un kà. Mo jó nínú ọ́fíìsì wọn, ojú ti ọkọ mi.

Wọ́n ní ká máa bá a lọ, oṣù díẹ̀ ṣì wà níwájú, àti pé tó bá tó àkókò a ò ní ṣẹ́ ẹ lójijì, a ó máa dín wákàtí kù ni, torí ọmọ bí ọ̀kan nínú mẹ́rin ni ojú wọn máa ń padà sẹ́yìn láàárín ọdún kan tí wọ́n bá ti jáwọ́. Awò ò gbọ́dọ̀ kúrò lójú ẹ̀ rárá ní tiẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan ló kù, owó. Ọ̀kan lójúmọ́, ó ń dùn wá. Ní fàmásì méjì tí mo lọ, kò tiẹ̀ sí.

Télọ̀ Ṣábẹ̀ẹ́

Ṣé ti aṣọ ò lè ṣe é? Mo lè rán èyí tó máa wọ ara awò.

Nọ́ọ̀sì Pọ́bẹ̀

Ó lè ṣe é, tí dókítà bá fọwọ́ sí i, tó bá sì bo gbogbo ẹ̀gbẹ́, pàápàá apá imú, torí ibẹ̀ ni gbogbo wọn ti ń yọjú. Kó nípọn tí ìmọ́lẹ̀ ò fi ní là á kọjá. Fún ọmọ tí kò bá jà mọ́ ni o, tó bá ṣì ń jà, ti gọ́ọ̀mù ló dáa jù.

Ìyá Fàrídù, Àjàṣẹ́

Kò jà mọ́. Màmá àgbà ò ní gbà. Mo ti pe dókítà, wọ́n ní ká dán an wò, àwọn á yẹ̀ ẹ́ wò tá a bá padà wá.

Télọ̀ Ṣábẹ̀ẹ́

Ẹ gbé awò ẹ̀ sórí pépà, ẹ fi bíìkì tọ etí ẹ̀ yí ká, ẹ ya fọ́tò ẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Kẹ́ ẹ tún wọn bí imú ẹ̀ ṣe ga tó. Máàrún ni mo máa rán, ẹ ó máa fọ̀ wọ́n. Mi ò gbowó. Aṣọ wo ló fẹ́?

Ìyá Fàrídù, Àjàṣẹ́

Mo bi í. Ó ní aláwọ̀ tótòtó bíi ti Guépards, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù orílẹ̀-èdè wa, kó má jẹ́ ti ọmọdé.